Ọdún méjì ààbọ̀ pẹ̀lú ejò àgbàdo nínú ilé: ohun tí ojú mi rí

Kí ẹ má bàa kà á títí kẹ́ ẹ tó mọ ibi tí mo ń lọ: ejò náà dára, ìràwọ̀ 5 ni mo fún un. Àpótí tí wọ́n tà pọ̀ mọ́ ọn kò dára, ìràwọ̀ 1 ni, ìyẹn náà sì jẹ́ nítorí pé kò sí òdo níbẹ̀ láti fi sílẹ̀. Ejò àgbàdo ni, corn snake tí àwọn ará ibí ń pè é. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, apá Thamesmead, Mofẹ́ ọmọ mi obìnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà tí a rà á.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Èmi yìí, alángbá ni mò ń sá fún nílé wa n'Íbàdàn, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ wa nípa ejò ni pé kéèyàn wá igi. Nígbà tí Mofẹ́ kọ́kọ́ dá a lábàá, mo ní kó lọ fọ abọ́. Ajá ló fẹ́ tẹ́lẹ̀, ó tún fẹ́ ológbò, ṣùgbọ́n ikọ́ fée ń dà á láàmú, irun ẹranko sì máa ń gbé e dìde. Dókítà ti ní ká gbàgbé ohunkóhun tó bá nírun lára. Ejò ò nírun. Ọmọ yìí yá ìwé ní yàrá ìkàwé, ó kọ ojú ewé mẹ́rin, ó fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ kà á tán, ó ní òun ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí kò ṣe bá a jiyàn rárá yẹn ló fu mí lára. Mo ní, "Ejò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí." Mofẹ́ ní, "Mummy, ejò ò lọ́wọ́."

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ẹranko nìyẹn.

Erè ni ọmọkùnrin tó ń tajà kọ́kọ́ fi hàn wá, èyí kékeré tó máa ń ká ara rẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù tí ẹ̀rù bá bà á. Òun àti ejò àgbàdo ni wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé fún mi pé ọ̀dọ̀ wa lápá ibẹ̀ yẹn ló ti wá, Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìyá mi àgbà jẹ́ ará Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti Bẹ̀nẹ̀, àwọn ló máa ń sọ fún wa pé ní Ouidah, ìlú mìíràn níbẹ̀, erè ní tẹ́ńpìlì tirẹ̀, pé bó bá rìn wọ ilé èèyàn, wọn kì í pa á, ńṣe ni wọ́n ń gbé e padà. Mo wo erè tó wà nínú àpótí gíláàsì yẹn, tí wọ́n lẹ iye owó mọ́ ọn lára, ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà sì sọ sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mi ò fi rà á. Ọmọkùnrin náà jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé erè lè kọ oúnjẹ fún oṣù méjì, mẹ́ta, láìsí pé ohunkóhun ṣe é. Mo mọ ara mi. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò jẹun lọ́sàn-án kan tó ti ń pe gbogbo ẹbí, ṣé òun ló máa fara da ejò tó ń gbààwẹ̀ oṣù mẹ́ta?

Ejò àgbàdo ní tirẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá, apá gúúsù níhà ìlà-oòrùn. Wọ́n ní inú àká àgbàdo ló ti máa ń dọdẹ eku, orúkọ rẹ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn mìíràn ní ikùn rẹ̀ ni, tó rí funfun-dúdú, funfun-dúdú, bí ẹ̀yà àgbàdo aláwọ̀ oríṣiríṣi. Kò ní oró. Bó bá dàgbà tán kì í sábà ju mítà kan ààbọ̀ lọ, kò sì le gan-an láti bọ́. Tiwa jẹ́ pupa bí ọsàn tó ti pọ́n, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsùlù. Mo béèrè bóyá ká ra méjì kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣeré. Ó ní rárá, ọ̀kan ṣoṣo ló ń dá gbé, méjì lè ṣe ara wọn léṣe, ọ̀kan tilẹ̀ lè gbé ìkejì mì. Àwa tá a ń sọ nílé pé àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, àṣé ìrìnpọ̀ gan-an nìyà.

Nígbà tí a fẹ́ sanwó, orúkọ mi ni wọ́n kọ, kì í ṣe ti Mofẹ́. Òfin ìtọ́jú ẹranko ti 2006 ní England àti Wales kò gbà kí wọ́n ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ìyà tó bá sì jẹ ẹranko náà, ọrùn òbí ló wà. Mo buwọ́ lù ú bí ẹni tó ń buwọ́ lu lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́. Ejò àgbàdo lè lo ọdún 15, ó lè lo 20. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ọmọ á ti kúrò ní yunifásítì, èmi á ṣì máa pààrọ̀ omi.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ àpótí.

Pọ́n-ùn 110 ni wọ́n tà á, wọ́n ní gbogbo ohun tí ejò nílò ti pé síbẹ̀: àpótí, ẹní pẹlẹbẹ kan tó ń lo iná láti mú ìdí àpótí gbóná, abọ́ omi, ihò kékeré tó lè wọ̀ sí, àti èèpo igi tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Kò sí thermostat. Ohun tó ń pa iná nígbà tí ooru bá tó nìyẹn, láìsí i, ẹní yẹn á kàn máa gbóná lọ ni. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tí a gbé e délé, mo kíyè sí i pé ejò náà kì í súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kó ti máa yá iná. Mo fi pọ́n-ùn 8 ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ibi tó yẹ kó wà láàárín 28 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, 43 ló wà! Ejò ò lè mú ara rẹ̀ gbóná, kò lè mú un tutù, ibi tó bá wà ló ń pinnu fún un. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gbóná, ìkejì gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ kó lè máa lọ, kó máa bọ̀. Àpótí tiwa kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ibi tó lè sá sí.

Àfi kó sá jáde. Ìdérí àpótí náà kò ní ohun tí a lè fi há a. Ńṣe ni wọ́n kàn gbé e lé e lórí bí ọmọrí ìkòkò.

Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa lóṣù yẹn. Kí wọ́n tó wá, Mofẹ́ ti sọ fún wọn lórí fóònù pé òun ní ejò. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe?" Nígbà tí wọ́n dé, tí wọ́n rí i pé kì í ṣe rọ́bà, wọ́n ka Sáàmù 91, wọ́n sì ní àwọn ò ní wọ yàrá ọmọ náà mọ́ títí àwọn á fi padà sílé. Ní òru kẹsàn-án, ejò pòórá.

Ọjọ́ méjì la fi wá a. Bàtà, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú àpò ilé ẹ̀kọ́. Mo kà á níbì kan pé kí èèyàn wọ́n ìyẹ̀fun sílẹ̀ lálẹ́ kó lè rí ojú ẹsẹ̀ ohun tí kò lẹ́sẹ̀. Kò sí ìyẹ̀fun nílé, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bu èlùbọ́ láfún tí Màmá gbé wá láti ilé, mo wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Mi ò sọ fún wọn. Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ohùn wọn láti ilé ìdáná. Wọn ò pariwo. Ohùn tí wọ́n fi ń pe èèyàn wá jẹun ni wọ́n fi ní, "Ẹ wá mú okùn ilẹ̀ yín." Ilẹ̀ ò tíì mọ́, nítorí náà wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Ìlà kan wà lórí láfún náà, ó rí kọ́rọkọ̀rọ bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ìka wọ́ ilẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lọ sí ẹ̀gbẹ́ fìríìjì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àárín ilẹ̀ ni Màmá ti bá a. Wọ́n ti da asẹ́ bò ó, wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù òróró lé asẹ́, wọ́n sì jókòó tì í pẹ̀lú ife tíì wọn. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbẹ́ fìríìjì ló ti yọ. Òtútù ló ń mú un. Ẹ ò rí i bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ta ló fi láfún àwọn ṣòfò.

Ọjọ́ yẹn ni Mofẹ́ sọ ejò náà ní Okùn.

Mo padà lọ bá àwọn tó tà á. Lákọ̀ọ́kọ́ wọ́n ní kò sẹ́ni tó ṣèlérí thermostat fún mi. Mo fi àkọlé tó wà lára páálí hàn wọ́n, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kò sí ohun tó kù. Wọ́n ta thermostat pọ́n-ùn 35 fún mi ní ìdajì owó, wọ́n fún mi ní ìhámọ́ mẹ́rin fún ìdérí lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbà á, ṣùgbọ́n mi ò ní padà lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, a ra àpótí onígi tó gùn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, àlòkù ni, pọ́n-ùn 70. Òun gan-an ló yẹ ká ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ejò, ẹ ra ilé rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra òun, ẹ tan iná sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ máa wọn ooru rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Oúnjẹ ni gbogbo èèyàn máa ń bi mí. Eku ni. Òkú eku tó dì gbagidi, tí wọ́n ń tà ní ọ̀rá, mẹ́wàá ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 8. Nígbà tí Okùn ṣì kéré, ọmọ eku pupa tí kò tíì hu irun ló ń jẹ, ọ̀kan lọ́sẹ̀. Nísinsìnyí, eku àgbà kan ní ọjọ́ 10 sí 14 ti tó o. Inú fírísà ni wọ́n wà, nínú ike áísìkiriìmù. Ẹ mọ̀ bó ṣe rí nílé tiwa, kò sí áísìkiriìmù kankan nínú ike áísìkiriìmù, ata lílọ̀ ni tàbí ẹ̀fọ́. Ọmọ àbúrò mi ṣí i lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìrètí. Kò tíì béèrè áísìkiriìmù nílé mi mọ́ láti ìgbà náà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé: Mofẹ́ á fi eku sínú ọ̀rá, á rì í sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nínú abọ́ kan tí mo fi biro kọ EKU sí gàdàgbà-gadagba. Kò gbọdọ̀ dé inú microwave. Tó bá ti yọ́ dé inú, á fi ẹ̀mú gígùn mú un níbi ìrù, á rọra mì ín níwájú ihò. Orí á kọ́kọ́ yọ, ahọ́n á máa jáde, á máa wọlé, ahọ́n yẹn ló fi ń gbóòórùn. Á dúró jẹ́ẹ́. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti mú un, ó ti wé e lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ eku ti kú láti bí oṣù mélòó kan. Láti orí ló ti ń gbé e mì. Ìgbà àkọ́kọ́ mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Báyìí mo lè jẹ búrẹ́dì mi lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn tó bá jẹun, ọjọ́ méjì gbáko ni a kì í fọwọ́ kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á pọ̀ ọ́ padà. Mofẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òun náà ló nu ún.

Okùn ti bu Mofẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀bi ọmọ ni, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn eku. Kò ju kí abẹ́rẹ́ gún èèyàn lọ. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ju eyín lọ ni salmonella, kòkòrò àìlèfojúrí tí ejò lè gbé sára láìsí pé ó ń ṣàìsàn. Ọṣẹ àti omi lẹ́yìn gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e, ẹ má fẹnu kò ó lẹ́nu, ẹ má fọ abọ́ rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti ń fọ ìrẹsì. Tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá wà nílé yín, ẹ sún ejò rírà síwájú. Bí àbúrò mi bá gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀ wá, yàrá Mofẹ́ wà ní títì.

Owó iná rẹ̀ kò tó nǹkan. Onílé wa ní ká kọ lẹ́tà nípa ejò náà, a kọ ọ́. Dókítà ẹranko ni ẹ tètè wá, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń tọ́jú ejò, kẹ́ ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a lọ́jọ́ tó bá ń ṣàìsàn.

Ohun tí mi ò retí ni ara rẹ̀. Mo rò pé á máa yọ̀ bí ẹja àrọ̀. Kò yọ̀ rárá, gbígbẹ ni, ó rí bí báàgì aláwọ tó dára. Bó bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ funfun bí ẹni pé wọ́n da wàrà sí i, nítorí kò ní ìpéǹpéjú, awọ tó bo ojú náà á bọ́ pẹ̀lú ìyókù. Ó máa ń bọ́ ọ sílẹ̀ lódindi, inú rẹ̀ á yí síta bíi ti ìbọ̀sẹ̀. Mofẹ́ tò wọ́n sínú ìwé kan pẹ̀lú ọjọ́ àti gígùn wọn. Èyí tó kẹ́yìn fi díẹ̀ lé ní mítà kan.

Ní ti Mofẹ́ fúnra rẹ̀, ikọ́ fée rẹ̀ kò burú sí i. Ọdún àkọ́kọ́, kò sí ohun tí kò ṣe fún ejò yìí. Láti ọdún tó kọjá, bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti wọlé, àwọn ọ̀rẹ́ ti wọlé, ó ṣì ń fún un lóúnjẹ ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ta ló ń pààrọ̀ omi láàárọ̀? Èmi. Ta ló ń wo ooru kó tó lọ ibi iṣẹ́? Ìràwọ̀ 5 tí mo fún ejò yìí, èmi ni mo fún un, kì í ṣe ọmọ tí mo rà á fún. Ìyá tí kò bá lè fọwọ́ kàn án kó má rà á.

Màmá ń bọ̀ lóṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ Sunday tó kọjá, wọ́n pè, wọ́n kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n béèrè bí Okùn ṣe ń ṣe, àti bóyá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ń gbé láfún bọ̀, àwọn á sì gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn.