ÌKÌLỌ̀: Páànù òrùlé ni wọ́n ń tà fún wa ní gáàdì abẹ́ ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ de gáàdì, ìyẹn irin tó ń dáàbò bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́tò, kí òjò tó wọlé, ẹ dúró ná. ₦85,000 ni mo kà lé ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò lọ́wọ́. Ó ní irin 3mm ni. Páànù ni! Páànù tí wọ́n fi ń bolé, tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, "Ṣé o ò lójú ni?" Mo lójú. Ohun tí mo fojú rí gan-an ló tàn mí. Etí rẹ̀ nípọn. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 3mm. Àṣé ńṣe ni wọ́n ká etí yẹn lẹ́ẹ̀mejì, bí télọ̀ ṣe ń ṣẹ́ etí ṣòkòtò, tí páànù tí kò tó 1mm fi di ìpele mẹ́ta, tí wọ́n wá fi ọ̀dà dí ojú ibi tí wọ́n ká. Bàbá ẹ̀tàn yìí tún fa òòfà yọ lápò, èyí tí wọ́n tú lára sípíkà àtijọ́. Ó gbé e sí i, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i pé irin ni?" Irin ni lóòótọ́! Páànù onírin náà ń gba òòfà, kì í báà ṣe èyí tó fẹ́lẹ́ bí ewé. Mo mọ èyí kí n tó débẹ̀. Síbẹ̀ mo dúró síwájú rẹ̀, mo ń mi orí bí alángbá.

Ohun tí n kò ṣe ni pé n kò gbé e. Òun náà kò sì jẹ́ kí n gbé e. Kí n tó ka owó tán, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé e wọ abẹ́ mọ́tò. Ká ní mo gbé e wò lásán ni! Irin 3mm tó gùn ní 80cm, tó fẹ̀ ní 60cm, á wúwo tó kìlógíráàmù 11. Èyí tí wọ́n dè sábẹ́ Camry mi, lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran àdúgbò wa, kò pé 4. Kò pé mẹ́rin! Ẹ má sì sọ pé ọ̀pọ̀ ni mo wá lọ. ₦85,000 kì í ṣe owó ọ̀pọ̀.

Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe dè é. Ihò bóòtù tí wọ́n ti ṣe mọ́ mọ́tò láti ilé iṣẹ́ wà lára férémù tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Wọn ò wo ibẹ̀. Skúrù mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n fi ń kan páànù mọ́ igi, ni wọ́n gbá mọ́ ọn. Kó má baà máa dún gbọ̀ngbọ̀n, wọ́n lẹ fóòmù mọ́ inú rẹ̀. Fóòmù o, nítòsí sàléńsà! Fóòmù tó bá fa ọ́ìlì mu, tí ooru sàléńsà wá ń kàn án, iná ló ń wá.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọn ò lu ihò kankan sí i. Mo gun bọ́ǹpù kan, mo gbọ́ "gbàù" lábẹ́, mo ní Ọlọ́run ṣeun, gáàdì gbà á. Gáàdì wo? Páànù náà tẹ̀ sókè, ó kọlu sọ́ọ̀mpù, ìyẹn agbada tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń dúró sí. Sọ́ọ̀mpù tẹ̀ wọnú, gọ́ọ̀mù tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì là, ọ́ìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá sí nǹkan lábẹ́ ibẹ̀, màá rí ọ́ìlì nílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n inú páànù yẹn ló ń dà sí, bí omi inú abọ́. Ilẹ̀ gbẹ. Mo ń wo ilẹ̀ láràárọ̀, ó gbẹ! Ìgbà tí iná pupa ọ́ìlì tàn níwájú mi, ẹ́ńjìnnì ti ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń gba ọ́ìlì bíi lítà mẹ́rin, ó dín díẹ̀ kó jẹ́ lítà méjì la gbọ̀n nínú páànù àti fóòmù, pẹ̀lú yanrìn. Ohun tí mo rà pé kó gba ẹ́ńjìnnì là ló fẹ́ pa á.

Ọkùnrin náà tún gba ₦30,000 fún ọ̀dà abẹ́ mọ́tò, pé kó má dípẹtà. Ọ̀dà títì tí wọ́n fi ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù pò ni. Wọ́n fín in lé ẹrẹ̀ tí kò tíì gbẹ, ìyẹn ni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà ń jẹun lọ ní tiẹ̀. Wọ́n fín in sí sàléńsà, èéfín bo títì. Wọ́n fín in sí bọ́ṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà níbi tí àwọn irin ẹsẹ̀ mọ́tò ti so pọ̀, ọ́ìlì sì máa ń mú rọ́bà wú, kó sì rọ̀ dẹ̀bẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kò gba ẹni tó ń ta páàtì gbọ́ mọ́. Àwọn kan á ní olóòótọ́ wà. Níbo ni wọ́n wà? Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì ń wò wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó ń jẹ ẹ̀pà, kò lanu.

Bẹ́ẹ bá ṣì máa rà á: ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Ẹ má wo etí, inú ihò tó jìnnà sí etí ni kí ẹ ti wo bó ṣe nípọn tó, torí etí tí wọ́n ká kò dé ibẹ̀. Irin 2mm náà dáa, á tó kìlógíráàmù 7 ààbọ̀ bó bá tóbi bí tèmi. Kí ihò wà ní ìsàlẹ̀ nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù, kí ojú afẹ́fẹ́ sì wà. Kí àyè wà láàrin rẹ̀ àti sọ́ọ̀mpù, ó kéré tán ìka méjì. Bóòtù tí wọ́n tẹ 8.8 sí lórí (àmì pé bóòtù náà lágbára), nínú ihò tó ti wà níbẹ̀, kì í ṣe skúrù. Fóòmù, rárá. Ọ̀dà: ẹ fọ abẹ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fi nǹkan bo sàléńsà, bíréèkì àti gbogbo rọ́bà. Kódà bí gáàdì bá dáa, ẹ máa fa géèjì ọ́ìlì yọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má gbọ́kàn lé ilẹ̀ gbígbẹ.

Nọ́ńbà ọkùnrin náà kò lọ mọ́. Páànù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé mi. Ìyá tó ń sun àgbàdo níwájú ita ti tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n kò tíì fún wọn. Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé e padà lọ jù sí i níwájú ṣọ́ọ̀bù.