Rédíò Android, Sípíkà, Ańpilifáyà àbí Subwoofer: Èwo Ni Kí Owó Yín Kọ́kọ́ Lọ Sí?

Ní Àbújá, àsìkò tí à ń lò nínú mọ́tò kò kéré. Ẹni tó ń ti Kubwa tàbí Nyanya lọ síbi iṣẹ́ ní Central Area láràárọ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Inú mọ́tò la ti ń gbọ́ ìròyìn Kapital FM 92.9, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ wáàsí àti orin ìyìn, ibẹ̀ náà ni fújì ti ń sìn wá délé lálẹ́. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá sì dé, a ó tún fi í rin ọ̀nà Lọ́kọ́jà títí dé Adó-Èkìtì tàbí Òṣogbo. Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ti ná owó ńlá sórí rédíò mọ́tò rẹ̀ tí ohùn tó ń jáde kò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin ni àwọn ọlọ́jà Wuse àti àwọn rìwáyà Apo àti Kugbo sábà máa ń gbé ka iwájú ẹni: rédíò tuntun, sípíkà tuntun, ańpilifáyà (ẹ̀rọ tó ń fi agbára kún ohùn), àti subwoofer (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ nìkan). Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo fì sí kí n tó fi wọ́n wéra. Sípíkà ilẹ̀kùn iwájú ni kí owó àkọ́kọ́ lọ sí. Rédíò lè dúró, subwoofer sì lè dúró jù ú lọ.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Orin tiwa, ọ̀rọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ohùn olórin, ohùn oníwàásù àti ohun tí gángan ń sọ, àárín ni gbogbo wọn wà. Nǹkan bíi 80 Hz sísàlẹ̀ ni subwoofer ti ń ṣiṣẹ́, òkè téńté sì ni ti tweeter, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín. Tí àárín yẹn bá rú, ilẹ̀ lè máa mì tìtì lábẹ́ yín, ẹ kò ní gbọ́ oríkì tí onílù ń lù.

Ohun tó bá mọ́tò wá

Ọ̀pọ̀ Corolla, Camry àti Accord tòkunbọ̀ ló wọ Nàìjíríà pẹ̀lú sípíkà tí wọ́n fi pépà ṣe, tí etí rẹ̀ jẹ́ fóòmù. Fóòmù yẹn máa ń jẹrà bí ọdún bá ti gorí ọdún, oòrùn àríwá kì í sì í ṣàánú rẹ̀. Ẹ tú ilẹ̀kùn wò: bí etí sípíkà bá ti ń wó bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, kò sí rédíò tó lè tún ohùn yẹn ṣe.

Ní ti rédíò fúnra rẹ̀, ańpilifáyà kékeré kan wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí “50W x 4” lára ọ̀pọ̀ rédíò tí wọ́n ń tà, ṣùgbọ́n iná mọ́tò kì í ju nǹkan bíi fóòlù 14 lọ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, sípíkà náà sì sábà máa ń jẹ́ 4 ohm. Lórí iná tó mọ níbẹ̀, nǹkan bíi wáàtì 15 sí 20 ni rédíò lè gbé fún sípíkà kọ̀ọ̀kan kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn agbára tó lè máa gbé láìdúró, ni kí ẹ máa wò. Èyí tí wọ́n kọ “MAX” sí, ẹ fojú fò ó.

Rédíò: Android olójú ńlá àti Pioneer, Kenwood tàbí Sony

Android tí kò lórúkọ ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí. Ojú rẹ̀ fẹ̀, íǹṣì 9 tàbí 10, ó ń ṣí YouTube, ó ń ṣí Google Maps, ẹ sì lè so kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tàbí tó ń fi mọ́tò ṣe Bolt, lè jàǹfààní rẹ̀ gidi gan-an. Ohùn ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Ańpilifáyà inú rẹ̀ kò lágbára ju ti rédíò àtijọ́ lọ, ó tilẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ sí i nígbà mìíràn. Ooru tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá páàkì mọ́tò síta ní oṣù Kẹta tàbí oṣù Kẹrin, dáṣíbọ́ọ̀dù á gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ fíìfíì, Android olówó pọ́ọ́kú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, á máa kú á máa jí. Ẹ má ṣe gba ohun tó bá wà lójú rẹ̀ gbọ́ nípa RAM, ìyẹn àyè ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́: àwọn kan wà tí wọ́n ti yí i kí 1GB lè máa fi ara hàn bíi 4GB.

Àwọn olórúkọ kéré lójú, íǹṣì 6 sí 7 ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì wọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ń tètè tàn, wọ́n ń fara da ooru, CarPlay àti Android Auto sì ń bẹ lára ọ̀pọ̀ wọn, èyí ni pé fóònù yín ló ń ṣe iṣẹ́ ọpọlọ, rédíò kàn ń gbé e jáde ni. Àwọn tó dáa nínú wọn ní time alignment. Sípíkà ọ̀tún jìnnà sí awakọ̀ ju ti òsì lọ, nítorí náà ohùn òsì ló ń kọ́kọ́ dé etí. Rédíò á dá ti òsì dúró díẹ̀ kí méjèèjì lè dé pa pọ̀, kí olórin sì wá dà bí ẹni tó dúró lórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú yín. Ẹni tó bá gbọ́ ọ rí kì í fẹ́ padà sẹ́yìn. Ohun kejì tí wọ́n fi dáa ni iná tí wọ́n ń gbé lọ sí ańpilifáyà láti ẹ̀yìn: fóòlù 4 lára àwọn kan, nígbà tó jẹ́ fóòlù 2 lára àwọn tó rẹlẹ̀. Èyí tó ga jù kì í jẹ́ kí ariwo ẹ́ńjìnì tètè ráyè wọlé.

Tèmi ni pé bí ẹ bá fẹ́ máàpù àti kámẹ́rà, tí agbára sì gbé e, ẹ ra olórúkọ tó ní CarPlay. Bí orin nìkan ni ẹ ń wá, ẹ fi ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ná.

Ẹ wọn ihò dáṣíbọ́ọ̀dù kí ẹ tó rà á. Fífẹ̀ rédíò double DIN jẹ́ mìlímítà 180, ihò ọ̀pọ̀ Toyota sì jẹ́ 200. Ike tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wà, ẹ rà á pọ̀ mọ́ ọn. Bákan náà, ẹ ṣọ́ra fún rédíò tòkunbọ̀ tó wá láti Japan. FM àtijọ́ ilẹ̀ Japan, 76 sí 90 MHz ni, kò lè gbé Kapital, kò sì lè gbé Human Rights Radio 101.1 tí ètò Brekete Family ti ń jáde. Àwọn kan nínú wọn tún máa ń béèrè kóòdù tàbí káàdì máàpù nígbàkígbà tí wọ́n bá tú bátìrì.

Sípíkà: ibi tí èrè wà

Oríṣi méjì ni. Ti àkọ́kọ́ ni coaxial, tí tweeter jókòó sí àárín wúfà, ìyẹn sípíkà tó tóbi jù. Ó rọrùn láti fi sí i, owó rẹ̀ kò ga, ibi tí ti àtijọ́ wà gan-an ló ń wọ̀. Ti èkejì ni component: wúfà á wà ní ilẹ̀kùn, tweeter á lọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, crossover á sì pín ohùn fún wọn. Ti èkejì yìí ló dára jù. Ohùn á gòkè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún wá sí iwájú ojú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rà á tí ẹ kò bá ní ẹni tó mọ ọ̀nà láti fi tweeter sípò, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bá rí, coaxial gidi á sì dáa ju ìyẹn lọ.

Bí ẹ kò bá ní ra ańpilifáyà, nọ́ńbà kan wà tó ṣe pàtàkì ju wáàtì lọ, òun ni sensitivity, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dún tó lórí iná kékeré, tí wọ́n ń fi dB (dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì) kọ. Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 tó bá fi ga, ó dà bí ẹni pé agbára di ìlọ́po méjì. Sípíkà 92 dB tó ń gba wáàtì 15 péré á dún ju èyí tó jẹ́ 86 dB tó ń gba wáàtì 50 lọ. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá ń ké “600 watts!” sí yín létí, ẹ yí páálí rẹ̀, ẹ wá dB. Bí kò bá sí lára páálí, ẹ gbé e sílẹ̀. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, a sì máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn mọ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín lábẹ́ wáàtì ńlá.

Ẹ yan èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Kóònù ike máa ń fara da ọ̀rinrin òjò àti eruku ọyẹ́ ju pépà lásán lọ. Bó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ ń rà, ẹ fi ìka rọra tẹ kóònù wọlé lọ́gbọọgba: bó bá ń ha, kọ́ìlì rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fojú fò dá nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ilẹ̀kùn mọ́tò ní ihò ńlá nínú lẹ́yìn sípíkà. Ohùn tó ń gba ẹ̀yìn sípíkà jáde máa ń gba ihò yẹn kọjá, á sì pa èyí tó gba iwájú jáde. Sípíkà olówó iyebíye nínú ilẹ̀kùn báyìí dà bí ìlù tí awọ rẹ̀ lu. Ẹ ní kí wọ́n dí ihò náà, kí wọ́n tú ike ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì lẹ mátì tó ń pa ariwo mọ́ irin rẹ̀ láti inú, àti èyí tó kọjú síta àti èyí tó kọjú sínú. Mátì méjì ló wà lọ́jà, butyl àti bitumen. Bitumen pọ́ọ́kú, irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà títì ni. Nínú oòrùn tiwa, á rọ̀, á máa rùn nínú mọ́tò, á sì ṣí kúrò lára irin. Butyl wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó ń dúró. Ẹ fi butyl sí ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì nìkan bí owó kò bá tó. Ariwo táyà lójú ọ̀nà Kàdúná á dínkù, ìlù á sì nípọn sí i láìjẹ́ pé ẹ fi subwoofer kankan kún un.

Sípíkà ẹ̀yìn? Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú lẹ ń gbọ́ orin.

Ańpilifáyà

Ó di dandan bí ẹ bá ń wakọ̀ pẹ̀lú gíláàsì sísọ̀kalẹ̀, tàbí tí ẹ bá fẹ́ kí ohùn ga láìya. Oníbùú mẹ́rin (4-channel) tó ń gbé wáàtì 50 sí 75 RMS fún ibùú kọ̀ọ̀kan tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nínú kíláàsì AB àti kíláàsì D, mo fara mọ́ D fún ìhà ọ̀dọ̀ wa. AB ń sọ ohun tó tó ìdajì iná tó gbà di ooru, D kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò. Lábẹ́ àga tàbí nínú búùtù tí oòrùn ti pa láti àárọ̀, AB á tètè gbóná, á sì pa ara rẹ̀ nígbà tí orin ń dùn lọ́wọ́. D tún kéré, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ni bátìrì lára.

Wáyà ni wọ́n máa ń fi rẹ́ni jẹ. Èyí tí wọ́n pè ní CCA, alumíníọ́mù ni wọ́n fi bàbà bò. Kì í gbé iná tó bàbà gidi, ẹ sì máa rí i pé ó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ béèrè OFC, ìyẹn bàbà gidi, 8 gauge fún oníbùú mẹ́rin kékeré, 4 gauge bí subwoofer bá máa wà. Fíùsì gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà pupa, kó má jìnnà ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ sí bátìrì. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ ìyẹn kúrò nínú iṣẹ́. Wáyà tí kò ní fíùsì, bí irin bá ha á lára, ó lè sun mọ́tò.

Subwoofer: abẹ́ àga àti àpótí búùtù

Èyí tó ń wọ abẹ́ àga, íǹṣì 8 ló sábà máa ń jẹ́, ańpilifáyà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àpótí íǹṣì 12 ń mi ilẹ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹ ronú sí búùtù. Ẹni tó máa ń ra iṣu àti ẹja lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà lọ fún àwọn òbí nílé, níbo ló fẹ́ kó o sí? Fún Corolla, tabẹ́ àga ni mo máa mú. Fún Highlander tàbí ọkọ̀ tí àyè pọ̀ nínú rẹ̀, àpótí lè wọlé. Bó bá sì jẹ́ àpótí, èyí tí wọ́n dí pa máa ń jẹ́ kí ìlù já gaara, bẹ́ẹ̀ ni àpàlà àti fújì fẹ́. Èyí tó ní ihò ń hó jù, híp-họ́ọ̀pù ló bá mu.

Àwọn mọ́tò tí ẹ kò gbọ́dọ̀ kù gììrì wọ̀

Toyota tí wọ́n kọ JBL sí lára, tàbí Lexus tí wọ́n kọ Mark Levinson sí, ti ní ańpilifáyà tirẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ohm sípíkà rẹ̀ sì lè má jẹ́ 4. Bí rìwáyà bá kàn gbé rédíò tuntun sí i láìmọ̀, ó lè má dún rárá. Ọ̀pọ̀ Mercedes, BMW àti Audi tó jáde lẹ́yìn ọdún 2000 ń lo okùn fibre optic tó ń jẹ́ MOST láàárín rédíò àti ańpilifáyà. Ẹ jẹ́ kí rédíò wọn wà níbẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa.

Fún gbogbo mọ́tò, ẹ ra ádápútọ̀ tó ń wọ ojú ihò wáyà ilé iṣẹ́. Ti ọ̀pọ̀ Toyota, oníhò 10 àti oníhò 6 ni. Ẹni tó bá mú ọ̀bẹ jáde láti gé wáyà, ẹ ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e.” Bí ẹ bá fẹ́ ta mọ́tò lọ́la, ẹni tó fẹ́ rà á máa wo ibẹ̀.

Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tán, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ tan AC àti iná iwájú, ẹ yí ohùn rédíò sísàlẹ̀, kí ẹ sì tẹ ẹ́ńjìnì díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tó ń han bí ẹ́ńjìnì ṣe ń sáré, ẹ ní kí wọ́n ha ọ̀dà kúrò níbi tí wọ́n de wáyà dúdú mọ́, kí wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́tò gbé wáyà RCA (èyí tó ń gbé ohùn láti rédíò lọ sí ańpilifáyà), kó jìnnà sí wáyà iná. Lẹ́yìn náà, ẹ pa mọ́tò, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ wo iná kékeré ara ańpilifáyà. Ó gbọ́dọ̀ kú. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀, kí bátìrì má baà ti kú kílẹ̀ tó mọ́.