Lẹ́sìn ìtàn ọjọ́ Sátidé l'Ìjẹ̀bú-Òde: owó mi ò ṣòfò, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn!

Àbúrò mi ló ń múra JAMB, èmi kàn sìn ín lọ ni, òjò wá dá mi dúró, mo bá jókòó sẹ́yìn. Ọ̀nà Fólágbadé níbẹ̀ yẹn ni, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. ₦2,000 ni ìjókòó kan. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan nígbà tí mo wọlé, ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé èmi náà gbọ́ ẹ̀kọ́, mo sanwó ṣá.

Tíṣà yẹn, ọmọdé ni o, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n kọ́. Kò fi orúkọ ọba bẹ̀rẹ̀, ó kàn bi wá pé tógun bá lé gbogbo ẹni tó ń ro oko yín lọ, tó wá ku ilẹ̀ nìkan, kí lẹ máa ṣe? Ibẹ̀ ló gbà wọ Jámánì, ogun ọgbọ̀n ọdún, 1618 sí 1648. Sójà ń kó màlúù, wọ́n ń jó abúlé, àwọn àgbẹ̀ ń kó ẹran wọn sá wọ ìlú olódi, àwọn míì wọ igbó lọ. Nígbà tógun fi máa tán, ó lé ní ìdajì èèyàn tí apá ibi púpọ̀ ní Mecklenburg àti Pomerania, lápá àríwá níbẹ̀, pàdánù.

Èmi rò pé àwọn onílẹ̀ á máa bẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní òótọ́ ni, àwọn kan bẹ̀, wọ́n dín ìṣákọ́lẹ̀ kù, wọ́n ní ẹni tó bá wá tẹ̀dó ò ní san nǹkan kan fọ́dún mélòó kan. Àmọ́ níbi tí apá wọn bá ti ká olórí ìlú, òfin ni wọ́n fi de àgbẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní Brandenburg, ní Jámánì náà, lọ́dún 1653, Frederick William tó ń ṣàkóso ibẹ̀ ń wá owó sójà, àwọn onílẹ̀ ní àwọn á fún un ní 530,000 táálà (owó fàdákà wọn) láàárín ọdún 6, òun náà wá fọwọ́ sí agbára wọn lórí àgbẹ̀, àgbẹ̀ tí ò bá lè fẹ̀rí hàn pé òmìnira lòun, ó di ti onílẹ̀ nìyẹn. Ní Mecklenburg ní 1654, àgbẹ̀ ò lè gbéyàwó pàápàá láìgbàṣẹ onílẹ̀! Ọmọkùnrin kan níwájú pariwo "ọmọ onílẹ̀!", gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ti Rọ́ṣíà ló wọ̀ mí lára jù. Onílẹ̀ ńlá á gba àgbẹ̀ tó sá lọ́dọ̀ onílẹ̀ kékeré, á lọ fi pamọ́ sí oko rẹ̀ tó jìnnà. Láti 1597, ọdún 5 péré lẹni tí àgbẹ̀ rẹ̀ sá ní láti fi wá a, tó bá ti kọjá, ó ti bọ́ nìyẹn. Àwọn kékeré ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ọba léraléra, títí òfin 1649 fi yọ gbèdéke yẹn kúrò pátá, ìgbàkígbà tí wọ́n bá rí i, tòun tìyàwó tọmọ ni wọ́n á dá padà.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Jẹnẹrétọ̀ yẹn wà lẹ́nu fèrèsé, èéfín fẹ́ pa wá. Ìwé tí wọ́n ń tà ní ₦500, fọ́tókọ́pì rẹ̀ ti ṣá, ojú ìwé ti Brandenburg gan-an ni ò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni nígbà tó máa kan àwọn àgbẹ̀ tó sá lọ bá àwọn Cossack, àwọn jagunjagun tó ń dá gbé létí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tó dùn gan-an, wọ́n ní àsìkò ti tó.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Mo pe bàbá mi n'Ípẹ̀rù lálẹ́, àwọn tí wọ́n máa ń pariwo pé oko ẹ̀gbẹ́ ti fa lébìrà wọn lọ, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Òfin Rọ́ṣíà yẹn, ọdún wo lo pè é?"