Iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò: gílóòbù lásán, alo-bátìrì, àbí oníwáyà?

Kí ẹ tó mówó lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò yín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ike inú ilẹ̀kùn náà dáadáa. Bí ẹ bá rí gíláàsì kékeré kan níbẹ̀, funfun tàbí pupa, tó fẹ̀ tó ìka méjì, owó tí ẹ máa ná kéré, iṣẹ́ náà kò sì ní pẹ́ yín. Bí ó bá jẹ́ ike tó dán ni ẹ rí, tàbí ojú ihò tí wọ́n fi ike dí pa, ìnáwó yàtọ̀, iṣẹ́ náà sì yàtọ̀. Ohun tó wà nínú ilẹ̀kùn ló ń sọ irú iná tí èèyàn máa rà. Àwọn tó ń ra èyí tí kò bá mọ́tò wọn mu, àwòrán ara páálí ni wọ́n wò.

Mi ò ka iná yìí sí fáàrí ní Abẹ́òkúta, ìlú tiwa. Ẹni tó bá ti páàkì lálẹ́ rí ní Ìtòkú tàbí lágbègbè Ìjemọ̀ mọ bó ṣe ń rí: gọ́tà là sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ilẹ̀ dagun, òkúta yọrí síbí, ó yọrí sọ́hùn-ún, wọ́n sì ti lè mú iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn, tó ń ti òde ìnáwó bọ̀, tó ró ìró balẹ̀, tó wọ bàtà gíga, kò rí ibi tó fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀. Iná òrùlé mọ́tò kò ràn án lọ́wọ́, torí inú mọ́tò nìyẹn ń tàn sí. Ṣe ló tún ń mú kí òkùnkùn ìta ṣú sí i lójú rẹ̀. Iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ló ń tàn síbi tí ẹsẹ̀ ń lọ gan-an.

Iṣẹ́ kejì tí iná yìí ń ṣe kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀kadà àti Màrúwá kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn àti mọ́tò tó dúró. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí lójijì lálẹ́, kò sóhun tó máa sọ fún ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí iná ilẹ̀kùn tó ti ilé iṣẹ́ wá fi máa ń ní apá pupa tó kọjú sẹ́yìn nígbà mìíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn iná tuntun kan ń mú apá pupa yẹn kúrò.

Bí ilẹ̀kùn bá ti ní iná tẹ́lẹ̀

Ọ̀pọ̀ Lexus ní in. Toyota àti Honda kan ní in, òmíràn kò ní in, torí mọ́tò méjì tí orúkọ àti ọdún wọn bára mu lè yàtọ̀ síra: èyí tó wọ́n jù nígbà tó jẹ́ tuntun ló ní iná ilẹ̀kùn, tí èkejì rẹ̀ kò ní. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ lórí èyí, ẹ fojú ara yín wò ó.

Nǹkan méjì ni wọ́n máa gbé síwájú yín: gílóòbù LED nìkan, tàbí odidi iná pẹ̀lú ike rẹ̀, irú èyí tó ń ya àmì ilé iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀. Gílóòbù ni mo ní kí ẹ rà. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu sùkùdíráfà pẹlẹbẹ, ẹ fi yọ gíláàsì náà láti ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fa gílóòbù àtijọ́ jáde, kí ẹ sì mú un dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ gíláàsì pẹlẹbẹ tí kò ní irin, T10 nìyẹn. W5W ni wọ́n ń kọ sára ti Yúróòpù. Lára tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, 168 tàbí 194 lẹ máa rí. Ihò kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. Bí ó bá rí gbọọrọ, tí irin ṣóńṣó wà lórí rẹ̀ méjèèjì, gígùn rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n: 31, 36, 39 tàbí 41 mm ló máa ń jẹ́. Ẹ má fi tipátipá ki 36 sí ihò 31, torí irin tó ń di gílóòbù mú á ṣí sílẹ̀, kò sì ní dì í mú dáadáa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò iná tó ń jẹ. Gílóòbù T10 àtijọ́ ń jẹ watt 5. Mẹ́rin jẹ́ watt 20, ìyẹn nǹkan bí amp 1.7 lórí bátìrì volt 12. Bí ilẹ̀kùn kan kò bá pa dé dáadáa, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń tàn láti aago méje alẹ́ títí di aago méje àárọ̀, nǹkan bí amp-wákàtí 20 ti lọ nínú iná tí bátìrì kó pamọ́. Bátìrì amp-wákàtí 45 ló wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, tó bá sì ti ń gbó, kò ní lè sítáàtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. LED mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ watt 1 á fa amp-wákàtí 4 péré láàárín wákàtí 12 yẹn. Ká ní LED kò tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ṣì máa ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nítorí èyí nìkan.

LED ní ojú àti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fi sínú ihò rẹ̀ tí kò tàn, ẹ yọ ọ́, kí ẹ yí i padà, kí ẹ tún fi síbẹ̀. Bí ó bá ń tàn bàìbàì nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì, iná díẹ̀ ló ń jò gba inú wáyà mọ́tò náà. Gílóòbù àtijọ́ kì í fi í hàn, LED ló ń fi í hàn. Èyí tí wọ́n kọ CANBUS sí lára máa ń gbé irú iná bẹ́ẹ̀ mì, àmọ́ ó ń gbóná ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ike bá ká a mọ́ pẹ́kípẹ́kí, ẹ fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dé gíláàsì rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tó fẹ́ràn àmì, mi ò ní kó má wù yín. Ó rẹwà lórí kọnkéré tàbí ọ̀dà tó dán. Ṣùgbọ́n gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó jọ sójú kan tí kò ju àwo ìjẹun lọ, gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì wà nínú òkùnkùn. Lórí ilẹ̀ pupa tó rí gbágungbàgun, tàbí lórí omi òjò, àwòrán náà á fọ́ káàkiri. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní apá pupa tó ń wẹ̀yìn. Bí ẹ bá ṣì máa rà á, ẹ béèrè bóyá gíláàsì ni wọ́n ya àmì náà sí tàbí ọ̀rá, torí ọ̀rá á ṣá nínú ooru iná náà.

Bí ilẹ̀kùn kò bá ní ihò: alo-bátìrì àti oníwáyà

Ibí ni ìfiwéra ti le, ibí náà sì ni owó ti ń ṣòfò jù.

Alo-bátìrì rọrùn. Ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ máa lẹ òòfà kékeré kan mọ́ ara mọ́tò ní ọ̀gangan rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá pa dé, òòfà á sún mọ́ iná náà, á sì kú; bí ó bá ṣí, òòfà á jìnnà, iná á tàn. Kò sí wáyà, ẹ kò ní tú nǹkan kan, ẹni tó ń fi mọ́tò ọlọ́mọ́tò ṣiṣẹ́ sì lè yọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ dá mọ́tò padà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, òun ló dáa jù, mi ò sì ní bá a jiyàn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ń pa á. Bí àyè àárín òòfà àti iná bá fẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ, tàbí tí òòfà já bọ́, iná á máa tàn nínú ilẹ̀kùn títì títí bátìrì á fi kú, ẹ kò sì ní mọ̀. Kí ẹ tó ṣí ẹ̀yìn gọ́ọ̀mù, ẹ fi téèpù dúdú so ó mọ́ ọn ná, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì yọjú wò ó láti inú mọ́tò nínú òkùnkùn. Ìkejì ni gọ́ọ̀mù. Eruku Abẹ́òkúta kì í jẹ́ kó lẹ̀ bí ẹ kò bá fi sípíríìtì nu ibẹ̀ mọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí omi má sì kàn án títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́.

Ìkẹta ni bátìrì fúnra rẹ̀. Èyí tó ń lo AAA mẹ́ta nílò volt 4.5. Bí ẹ bá fi AAA tó ṣeé ṣááàjì sí i, 3.6 péré lẹ máa rí, iná náà á sì rọ. Èyí tí wọ́n ń fi USB ṣááàjì ní lithium nínú, inú mọ́tò tó wà nínú oòrùn ọ̀sán sì máa ń gbóná kọjá dígírì 50. Lithium kì í pẹ́ nínú irú ooru yẹn. Láàárín àwọn méjèèjì, AAA ni mo fara mọ́, kí ẹ kàn máa yọ bátìrì tó ti kú kúrò kíákíá kó má baà sun omi sínú rẹ̀.

Oníwáyà ni ti ẹni tí mọ́tò jẹ́ tirẹ̀, tó sì fẹ́ kí iná náà pẹ́. Òun kò ní bátìrì tí èèyàn ń rà lárà-tún-rà, ó mọ́lẹ̀ jù, iná rẹ̀ sì ń bá ti òrùlé tàn pọ̀. Ohun tó ń náni ni sùúrù. Ẹ máa tú ike ilẹ̀kùn, ẹ máa lu ihò sí i (ọ̀pọ̀ ń gba nǹkan bí 22 mm, ẹ ka ara páálí), ẹ máa wá ọ̀nà gbé wáyà wọ inú mọ́tò. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ yí gíláàsì wíńdò wálẹ̀ pátápátá, kí ẹ sì wọn àyè tó kù láàárín rẹ̀ àti ike. Iná kan gùn lẹ́yìn, gíláàsì á sì máa sọ̀ ọ́.

Ọ̀nà wáyà ni rọ́bà tó dà bí ọ̀nà ọ̀fun láàárín òpó mọ́tò àti ilẹ̀kùn, ibi tí wáyà wíńdò ń gbà kọjá. Ẹ fa orí rọ́bà náà yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, ẹ fi téèpù so wáyà iná mọ́ orí rẹ̀ kí ojú ibi tí ẹ so má baà wú, ẹ fi ọṣẹ olómi ra á lára, kí ẹ wá máa tì í díẹ̀díẹ̀, kí ọwọ́ kejì máa na rọ́bà náà gbọọrọ. Bí ó bá yọ lódìkejì, ẹ fi wáyà díẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà le nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí gbayawu. Mọ́tò mìíràn kò ní ọ̀nà yìí: sókẹ́ẹ̀tì ńlá kan ló dí gbogbo ẹnu rọ́bà. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má lu irin òpó mọ́tò, torí ìpẹtà àti omi máa tẹ̀lé e. Alo-bátìrì ni kí ẹ rà.

Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, iná òrùlé ní wáyà kan tí volt 12 wà nínú rẹ̀ tọ̀sántòru, fíúsì tí wọ́n kọ DOME sí ló ń ṣọ́ ọ. Súwíìṣì ilẹ̀kùn ló ń so wáyà kejì mọ́ bọ́dì bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Nítorí náà, wáyà pupa iná tuntun lọ síbi tí volt 12 wà, dúdú rẹ̀ lọ sí wáyà súwíìṣì. Bí dúdú bá lọ sára bọ́dì tààrà, iná náà kò ní kú mọ́. Ẹ fi tẹ́sítà wá wọn, ẹ má fi àwọ̀ mọ̀ wọ́n, kí ẹ sì fi fíúsì kékeré, amp 1 tàbí 2, sí ìdí pupa. Ẹ yọ orí nẹ́gétíìfù bátìrì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Wáyà tàbí sókẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti airbag, ẹ má gé e, ẹ má so nǹkan mọ́ ọn.

Rìbọ́nù LED pupa tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí ilẹ̀kùn kò pọ̀n dandan, àmọ́ ẹni tó máa ń já èrò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Kútọ̀ tàbí Láfẹ́ńwá á jèrè rẹ̀. Pupa tó dúró jẹ́ẹ́ ni kí ẹ rà. Èyí tó ń ṣẹ́jú, pàápàá aláwọ̀ búlúù, jọ ti ọlọ́pàá, ó sì lè fa wàhálà sí yín lọ́rùn.

Níwájú ọlọ́jà

Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ló ń lọ jù o." Ẹ dá wọn lóhùn pé, "Ó dáa, ẹ bá mi gbé bátìrì wá ká tàn án wò." Ẹ jẹ́ kó tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sórí káńtà láti wò ó bóyá àwọ̀ wọn bára mu. Funfun tó sún mọ́ 4000K (nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) ló dáa jù fún ojú. 6000K ti ń fà sí búlúù. Bó bá jẹ́ odidi iná oníke ni, ẹ mì í létí yín: bí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, ẹ dá a padà.

Bí ẹ bá máa gbé e fún riwáyà, ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ike ilẹ̀kùn fún un. Òjò tó ń gba etí gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn máa ń ṣàn jáde nísàlẹ̀. Ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kó wọ inú mọ́tò. Wọ́n máa ń fà á ya, wọ́n á sì dá ike padà bò ó. Ẹ dúró tì í títí yóò fi lẹ̀ ẹ́ padà yípo, kí ẹ sì da ike omi kan sí gíláàsì lóde kí ẹ tó san owó rẹ̀.