Sìmẹ́ńtì tí wọ́n ní ó ń tẹ́ fúnra rẹ̀: ohun tí mo rí níbẹ̀

Kọnkéré yàrá tí mo fẹ́ lẹ táìsì sí rí gbágungbàgun, àárín rẹ̀ rì, ìdí ògiri ga. Mo gbé irin tó tọ́ tó gùn tó mítà 2 lé e, àlàfo abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 10. Táìsì ńlá kì í fẹ́ kí àlàfo yẹn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ á ṣófo, bópẹ́ bóyá á là.

Sìmẹ́ńtì self-levelling, alápò kílò 25, ni mo rà. Orúkọ yẹn ń tan èèyàn jẹ o. Á dà bíi pé kó o ṣáà dà á sílẹ̀ kó o wá lọ jókòó. Ó ń ṣàn lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa fi irin tì í dé igun yàrá.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà ṣáájú dídà. Kọnkéré gbígbẹ máa ń fa omi. Tó bá fa omi inú àpòpọ̀ yẹn kó tó dì, ihò wẹẹrẹ á kún ojú rẹ̀, ó sì lè ṣí kúrò nílẹ̀. Práímà, ìyẹn nǹkan olómi tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi kun ilẹ̀, ló ń dènà èyí, ẹ má fò ó rárá. Kí práímà tó kan ilẹ̀, mo ha ibi tó yọ gọngọ, mo dí ibi tó sán, mo gbá eruku kúrò títí ọwọ́ mi ò fi funfun mọ́. Mo fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdí ògiri ká, mo fi pákó dí ẹnu ọ̀nà, torí kò sí ihò tí nǹkan yìí ò ní rí wọ̀.

Lítà 5 ni omi àpò kan nínú irú èyí tí mo lò. Bíríkìlà tá a jọ ṣe é ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká bu díẹ̀ sí i, á tètè ṣàn.” Mo kọ̀ jálẹ̀. Omi àpọ̀jù máa ń jẹ́ kí yanrìn inú rẹ̀ rì, òkè á wá di ẹfun tí ìgbálẹ̀ lè gbá lọ.

Láàárín nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló ti ń ki. Ẹnì kan ò lè dá yàrá ńlá ṣe: ẹnì kan ń fi dríìlì pò ó, èkejì ń dà á, ó sì ń yí rólà ẹlẹ́gùn-ún lórí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè jáde. Ojú rẹ̀ tẹ́ dáadáa nígbà tó gbẹ. Ibì kan péré, níbi tí àpò méjì ti pàdé, ló ní ìlà tó ga díẹ̀. Òkúta ni mo fi ha á.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé ó ń jẹ àpò. Mítà kan níbùú lóròó, tó nípọn mìlímítà 1 péré, máa ń gbà ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Ibi tó bá jìn gan-an, sìmẹ́ńtì oníyanrìn lásán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi dí i. Ilẹ̀ tí ọ̀rinrin ń yọ láti abẹ́ ò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni balùwẹ̀ tó yẹ kó dagẹ̀rẹ̀ sápá ibi tómi ń gbà jáde. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ọ̀rinrin ń yọ, ẹ lẹ ọ̀rá mọ́ ilẹ̀ títí dọjọ́ kejì. Bó bá làágùn lábẹ́, ẹ wá ibi tómi náà ti ń wá ná.