Ẹ̀kọ́ Másítà nínú Ìmọ̀ Ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn: Àgbéyẹ̀wò Olùkọ́ Kan láti Òṣogbo

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní Òṣogbo a máa bi mí léèrè bóyá ó yẹ kí ènìyàn fi iṣẹ́ àti ìdílé sílẹ̀ lọ ka másítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, nígbà tí yunifásítì wà ní ìlú wa níhìn-ín, tí Ilé-Ifẹ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo ti parí ẹ̀kọ́ náà, ìwé ẹ̀rí mi sì ti wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo lè dáhùn ìbéèrè yìí láti inú ohun tí ojú mi rí. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ni ènìyàn ń san owó fún, àní ju yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ: ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́, ilé ìkàwé, ilé iṣẹ́ ìwádìí, àti àwọn ènìyàn tí nǹkan wọ̀nyí kó jọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ráyè gbé níbẹ̀ kó sì lò wọ́n yóò jèrè gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ máa ti Òṣogbo lọ gbọ́ ẹ̀kọ́ kó sì padà sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, n kò rò pé ó yẹ kó náwó síbẹ̀ rárá.

Ọdún 1948 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́jì lábẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di yunifásítì tó dá dúró ní 1962. Kenneth Dike, tí ó jẹ́ onímọ̀ ìtàn, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn yìí kan náà ni A. E. Afigbo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1964, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ láti yunifásítì kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó ṣì kan ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni níbẹ̀ títí di òní. Àwọn onímọ̀ ìgbà náà, Dike àti J. F. Ade Ajayi àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn, kò gbà pé ohun tí òyìnbó kọ sílẹ̀ nìkan ni ìtàn. Wọ́n mú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn àgbà wá síbi iṣẹ́, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìjọba. Nígbà tí mo dìde nínú sẹ́mínà láti ka iṣẹ́ mi, ìbéèrè tí wọ́n bi mí kò yí padà: ta ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà wo ló sọ ọ́, kí ni èrè tirẹ̀ nínú rẹ̀? Ọdún mélòó kan ni mo ti fi ń kọ́ ọmọ ní ìtàn kí n tó lọ, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀rí wò. Ní tèmi, èyí nìkan tó owó tí mo san.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa gbígba fọ́ọ̀mù. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń kọ ọ́, lọ́dọ̀ Postgraduate College, ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé. Wọn yóò béèrè èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá pẹ̀lú kírẹ́díìtì márùn-ún, ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́, ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda ẹni náà, àti àwọn tí yóò jẹ́rìí sí ìwà àti ìmọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka kan a tún máa ṣe ìdánwò tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Gbogbo èyí kò le. Ohun tó le ni ìwé èsì ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa mọ̀ sí transcript, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti gba oyè àkọ́kọ́ ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tèmi, tí n kò ní dárúkọ, dá tèmi dúró títí ọkàn mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, bẹ́ẹ̀ mo ti san gbogbo owó tí wọ́n béèrè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lépa transcript kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù rárá, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ọ́fíìsì náà bá yín. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí ẹ fiyè sí kí ẹ tó sanwó ni irú másítà tí ẹ fẹ́. Másítà ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, èyí tí iṣẹ́ ìwádìí wà nínú rẹ̀, ló ń ṣínà fún oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn másítà ti ẹnu iṣẹ́ (professional master's), irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì àti ìjọba máa ń kà, ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbé ènìyàn dé ibẹ̀ tààrà.

Kókó iṣẹ́ ìwádìí mi ni rélùwéè àti òwò ní Òṣogbo. Rélùwéè tó ti Èkó bọ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ òwò òyìnbó ti ń wá dúró sí ìlú wa láti ra kòkó àti ekùrọ́, tí àwọn oníṣòwò láti ìlú mìíràn sì ń wá fi ibẹ̀ ṣe ilé. Mo ti mọ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn àgbà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìwé tó sọ nípa rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àti pé inú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn gan-an ni wọ́n wà, ní National Archives, níbi tí ìjọba ń pa àwọn ìwé àtijọ́ mọ́ sí. Dike ló jà fún un pé kí ilé náà wà. Ní ìgbà ìjọba òyìnbó, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni a fi àgbègbè Ọ̀ṣun sí, nítorí náà inú àwọn fáìlì tí wọ́n ń pè ní Oyo Prof (ti ẹkùn Ọ̀yọ́) àti Oshun Div (ti àgbègbè Ọ̀ṣun) ni Òṣogbo wà.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ènìyàn yóò forúkọ sílẹ̀, yóò san owó díẹ̀, yóò sì jókòó ti ìwé atọ́ka títí yóò fi rí nọ́ńbà fáìlì tó ń wá. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni yóò lọ gbé e wá. Pẹ́ńsù ni a fi ń kọ nǹkan nítòsí àwọn ìwé náà, nítorí pé bí yíǹkì bá dà sí wọn, kò sí òmíràn níbòmíràn. Ìwé mìíràn ti gbó débi pé bí a bá ṣí i láìrọra, yóò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Mo rí ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn oníṣòwò ní kí akọ̀wé bá wọn kọ sí Ajẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àmì ìka ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀wé nísàlẹ̀ rẹ̀, mo sì rí èsì tí Ajẹ́lẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà. Mo ti ń kọ́ ọmọ nípa ìjọba àjèjì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo rí orúkọ àdúgbò tí mo ń gbà kọjá lójoojúmọ́ nínú ìwé wọ̀nyí ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ara mi ni mo ń kọ́ wọn. Kò sí olùkọ́ tó lè fi èyí lé mi lọ́wọ́ nínú yàrá ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá sì jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kò lè rí i, nítorí pé kì í ṣe gbogbo fáìlì tí ènìyàn gbé ló ní ohun tó ń wá nínú.

Yàtọ̀ sí èyí, Ilé Ìkàwé Kenneth Dike wà nínú ọgbà kan náà, Institute of African Studies tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni IFRA, ilé ìwádìí tí àwọn ará Faransé gbé kalẹ̀, tí àpérò ibẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá parí iṣẹ́ nínú fáìlì, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ síbi tó kàn. Àwọn tó ń ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tilẹ̀ jàǹfààní jù wá lọ: UCH wà níbẹ̀ fún ìmọ̀ ìṣègùn láti 1957, IITA fún iṣẹ́ ọ̀gbìn láti 1967, CRIN fún kòkó, FRIN fún igbó àti igi, NIHORT fún èso àti ẹ̀fọ́, NISER fún ọrọ̀ ajé àti ọ̀rọ̀ àwùjọ. Ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àìsàn ẹ̀gẹ́ tàbí lórí igi kòkó, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ lọ bóyá alábòójútó ibẹ̀ ti ń bá ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ọ̀rọ̀ alábòójútó ló gba ìrònú jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yan ilé ẹ̀kọ́ nítorí orúkọ rẹ̀, wọn kì í wádìí ẹni tí yóò máa ka iṣẹ́ wọn. Kí n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni mo ti ka ohun tí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka náà ti kọ, mo sì mọ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí òwò àti ìrìnnà. Mo kọ̀wé ojú ìwé kan nípa kókó tí mo ní lọ́kàn, mo lọ kí wọn ní ọ́fíìsì, mo sì kúnlẹ̀ kí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Alábòójútó mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo orí tí mo bá fi sílẹ̀ ni wọ́n ń kà tán, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsù kọ èrò wọn sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní kí n fọ́ orí kejì pátá kí n tún un kọ, nítorí pé ohun tí òyìnbó sọ ni mo gbé síwájú, tí mo sì fi ti àwọn obìnrin ọjà ṣe àfikún. Ó dùn mí nígbà náà. Orí yẹn ló sì dára jù nínú iṣẹ́ náà nígbà tó yá.

Ní ti owó, n kò ní kọ iye kankan sílẹ̀, nítorí pé owó ilé ẹ̀kọ́ ń yí padà láti ọdún dé ọdún, ó sì yàtọ̀ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ló tóbi jù fún ẹni tó ti Òṣogbo lọ. Owó yàrá ni, àti oúnjẹ, àti owó ọkọ̀ láti Old Garage gba Gbọ̀ngán àti Ìkirè títí dé Ìwó Road, kí a tó tún wọ ọkọ̀ mìíràn dé ẹnubodè yunifásítì. Àyè inú ọgbà kò lè gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń gbé Agbowó, Bódìjà, Òrògùn tàbí Ajíbódé. Mo fara mọ́ Agbowó, nítorí pé iwájú ẹnubodè ló wà, àwọn tó ń tẹ̀wé tí wọ́n sì ń ṣe ẹ̀dà sì pọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ka ìwé lálẹ́. Ẹni tó ní ọmọ kékeré yóò sinmi ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Ajíbódé.

Ẹ má sì ṣe ṣírò owó yín lórí àkókò tó kéré jù tí wọ́n kọ sínú ìwé. Gbogbo wa rántí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti ọdún 2022, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì tí kò sì parí títí di oṣù kẹwàá; ó dé ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Kí ẹ fi àyè irú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ìyọ̀ǹda níbi iṣẹ́. Ní ti ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ girama mọ̀ pé owó TETFund wà fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba, kò kàn wá. PTDF ń ran àwọn tó ń ka ohun tó jẹ mọ́ epo rọ̀bì lọ́wọ́. Pan African University, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan nínú Yunifásítì Ìbàdàn fún ìmọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè àti ilẹ̀, wọ́n sì máa ń fún àwọn tí wọ́n bá mú ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́; bí ọ̀dọ́ kan bá ti ka sáyẹ́ǹsì, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ wò. Fún àwa onímọ̀ ìtàn, àpò ara wa àti ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ni.

Àwọn kan ti bi mí léèrè ìdí tí n kò fi lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ibi rere ni, ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi kò kéré, ọ̀nà rẹ̀ sì súnmọ́ wa ju ti Ìbàdàn lọ. Bí kókó mi bá jẹ́ ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tàbí iṣẹ́ ọnà, bóyá ibẹ̀ ni ǹ bá lọ. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, wà ní ẹnu ọ̀nà wa, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ló ń wá, tí kò lè kúrò nílé nítorí ọmọ tàbí òbí tó ti dàgbà, kó kà á nílé. N kò rí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Ìwé tèmi ló wà ní Ìbàdàn, òun ni mo bá lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú níláti mọ òfin máàkì láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tí máàkì másítà rẹ̀ bá dé 60 sókè lè bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé tààrà. Ẹni tó bá gba 55 títí dé bíi 59 yóò gba ọ̀nà MPhil/PhD (MPhil ni oyè tó wà láàárín másítà àti oyè ọ̀mọ̀wé), ẹni tó bá sì wà ní 50 sí 54 yóò ka MPhil ná. Mo rí àwọn tó kàn fẹ́ yege ní sáà àkọ́kọ́, tí wọ́n wá ń sáré nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí. Máàkì tèmi gbà mí láàyè láti bẹ̀rẹ̀ oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì fẹ́ ẹ gan-an, ṣùgbọ́n n kò tíì ra fọ́ọ̀mù. Mo ń dúró kí n kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kíkún lẹ́nu iṣẹ́, kí n lè máa gbé Agbowó láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé àwọn fáìlì Oshun Div tí n kò tíì ṣí ṣì pọ̀ nílẹ̀.