Àkùkọ Wo Ni Kí Ẹ Rà? Ìfiwéra Ìwà Àkùkọ fún Agbo Adìyẹ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tó bá lọ ra àkùkọ lọ́jà, ogbe ló máa ń kọ́kọ́ wò: ogbe tó pọ́n dòdò, ìrù tó tẹ̀ bí dòjé, àyà tó fẹ̀. Ẹni tó ń tà á á gbé e sókè, á ní kí ẹ fọwọ́ kan itan rẹ̀, owó á sì jáde lápò yín. Bí ẹ bá fẹ́ pa á jẹ, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó wà láàárín àgbébọ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lẹ́yìnkùlé yín, kó máa gùn wọ́n kí ẹyin wọn lè pa, ìwà rẹ̀ ni kí ẹ rà. Ìwà ọ̀hún kì í hàn lórí ogbe. Ara àwọn àgbébọ̀ tó bá gbé ni ẹ ó ti rí i.

Mo fẹ́ kí adìyẹ mi tóbi sí i nígbà kan, ni mo bá ra àkùkọ bírọ́là kan tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì. Ó wúwo débi pé ọwọ́ méjì ni mo fi gbé e wọlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ṣàkíyèsí pé àwọn àgbébọ̀ mi kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ mọ́. Mo da àgbàdo sílẹ̀, wọ́n dúró lórí igi tí wọ́n ń sùn sí, wọ́n ń wò ó. Mo rò pé àìsàn ló ń ṣe wọ́n. Ìgbà tí mo mú dúdú kékeré kan láàárín wọn, tí mo ká ìyẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ sókè, mo bá ojú ọgbẹ́ tó gùn tó ìka mi, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ yí i ká. Èékánná àkùkọ yẹn ló ya á nígbà tó ń gùn ún. Lójú òde, ìyẹ́ rẹ̀ ṣì ń dán. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àtìgbà tí mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ọjọ́ náà ni mo fojú ara mi rí i. Mo fi omi iyọ̀ fọ ọgbẹ́ náà, mo fi GV kùn ún, mo yà á sọ́tọ̀ títí ó fi jinná. Àkùkọ náà di ọbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tí ẹ ó bá lọ́jà

Àkùkọ ìbílẹ̀ tiwa ni gbogbo wa mọ̀. Ó kéré, àgbà rẹ̀ kì í sábà ju kílò kan àbọ̀ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ kò lójú kan, ẹ sì lè rí èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣófo tàbí èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ká. Ìbílẹ̀ náà ni àkùkọ Fúlàní, àfi pé ọ̀dọ̀ àwọn darandaran ni ìran rẹ̀ ti wá: ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, ara rẹ̀ gbórín ju ti tiwa lọ, ó sì lè tó kílò méjì àbọ̀.

Noiler àti FUNAAB Alpha ni wọ́n dá fún ẹran àti ẹyin pọ̀, fún ẹni tó ń sin adìyẹ sílé. Alpha, Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ló ṣe é, wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018. Àwọn méjèèjì wà lára irú mẹ́fà tí iṣẹ́ ìwádìí African Chicken Genetic Gains gbé fún àwọn ará abúlé ní Nàìjíríà láti dán wò. Fúlàní náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Kuroiler láti Íńdíà, Sasso láti ilẹ̀ Faransé, àti Shika-Brown ti Ṣíkà lẹ́bàá Sáríà.

Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn adìyẹ ẹlẹ́yin ni kọ́kúrẹ́ẹ̀lì. Àwọn tó ń pa ẹyin ISA Brown, ìran adìyẹ ẹlẹ́yin kan, kò nílò akọ rẹ̀, nítorí náà owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á lọ́mọ ọjọ́ kan. Ó rọrùn láti mọ̀: akọ á funfun, abo á pupa rúsúrúsú láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti jáde nínú ẹyin. Bírọ́là ni ìkẹyìn. Kì í ṣe ẹran tí wọ́n dá pé kó dàgbà, ọjọ́ díẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ lè fi gbé ara rẹ̀.

Ìwà wọn sí àgbébọ̀

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ gbọn ikán díẹ̀ síwájú àkùkọ ìbílẹ̀ tó dáa. Kò ní gbé e mì. Á mú un lẹ́nu, á jù ú sílẹ̀, á tún mú un, á máa ké kọ́-kọ́-kọ́-kọ́, orí rẹ̀ á máa lọ sókè sódò títí àgbébọ̀ kan á fi sáré wá ṣà á jẹ. Lẹ́yìn náà ni á na apá kan sílẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ jó yí i ká. Bí àgbébọ̀ náà bá kọjá lọ, á jẹ́ kó lọ. Bí ó bá lóṣòó, á gùn ún, kíá ni á sì sọ̀ kalẹ̀. Mo ti rí àkùkọ Fúlàní tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Irú agbo bẹ́ẹ̀ máa ń rìn pọ̀ ni, ẹ ò ní rí àgbébọ̀ tó ń sá pamọ́.

Kọ́kúrẹ́ẹ̀lì kì í sábà mọ ijó yẹn. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Inú ọgọ́rùn-ún akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti sìn ín, láìsí àgbà àkùkọ tí yóò wò, láìsí àgbébọ̀ tí yóò bá a wí. Bí ó bá pé oṣù mẹ́rin sí márùn-ún, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, eré ni á máa fi lé àgbébọ̀, á já ìyẹ́ orí rẹ̀, á sì fi tipátipá gùn ún. Bí ẹ bá ní àgbébọ̀ tó ti dàgbà tó sì gbójú, ẹ fi òun pẹ̀lú kọ́kúrẹ́ẹ̀lì yìí sílẹ̀ fún oṣù kan kí ẹ tó kó àwọn kéékèèké tì í. Á ṣá a lórí títí ó fi máa gbọ́n. Mo ti rí èyí tó yíwà padà pátápátá báyìí, mo sì ti rí èyí tí kò gbọ́n rárá.

Noiler àti Alpha, ara wọn balẹ̀ ju ti kọ́kúrẹ́ẹ̀lì lọ. Ìwọ̀n ara wọn ni kí ẹ rò. Àgbébọ̀ Noiler lè gbé ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àgbébọ̀ ìbílẹ̀ tí kò tó kílò kan yóò jìyà lábẹ́ rẹ̀. Òfin tèmi ni pé bí àkùkọ bá ju ìlọ́po méjì àgbébọ̀ lọ, mi ò ní fi wọ́n sójú kan. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí pé òmíràn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó dáa: ọmọ tí àkùkọ Noiler bá bí fún àgbébọ̀ ìbílẹ̀ máa ń gbórín, ìyá rẹ̀ sì ń sàba dáadáa, nígbà tí àgbébọ̀ Noiler kì í fẹ́ sàba. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú àdàlù yìí, ẹ wá àgbébọ̀ Fúlàní tó ní ara.

Ní ti bírọ́là, èmi nìkan kọ́ ló ti rí irú ìwà yìí lára rẹ̀. Ní 2000, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Guelph ní Kánádà fi akọ tó ń bí bírọ́là wéra pẹ̀lú àkùkọ Old English Game, ìran àkùkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó jà láyé àtijọ́. Bírọ́là ló fi ìyà jẹ àgbébọ̀ jù. Ìyẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn: àkùkọ tó ń bá akọ bíi tirẹ̀ jà lè jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́ sí àgbébọ̀.

Ìwà wọn sí ènìyàn

Ìbílẹ̀ àti Fúlàní ń bẹ̀rù wa, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ lù wá. Èyí tí ọmọdé fọwọ́ tọ́ láti kékeré, tó ń jẹun látọwọ́ ènìyàn, ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Kò ní ìbẹ̀rù mọ́, nígbà tó bá sì balágà, akọ tó ń bá òun du agbo ló máa fi yín pè. Á kọ́kọ́ na apá kan sílẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ rìn sún mọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń ṣeré ni. Ìpèníjà ni. Ẹ má sá, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ gbá a, nítorí méjèèjì ni yóò kà sí ìjà. Ẹ dúró, ẹ mú un, kí ẹ dì í mọ́ abẹ́ apá títí tí á fi dákẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ tó gbé e sílẹ̀. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan.

Bí kò bá gbọ́, ẹ má pa ẹyin rẹ̀. Ìwà yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Ilé tí ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta bá sì wà, kò yẹ kí àkùkọ tó ń kọ lu ènìyàn sùn níbẹ̀ mọ́jú, torí pé ojú ọmọ ni ògàn rẹ̀ máa ṣe déédéé.

Ìwà wọn sí àkùkọ mìíràn

Ọmọ Norway kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, ló kọ̀wé ní 1922 pé adìyẹ ní ipò láàárín ara wọn: kálukú mọ ẹni tí òun lè ṣá àti ẹni tó lè ṣá òun. Akọ náà ní tiwọn. Àwọn onímọ̀ ní Japan sì fi hàn ní 2015 pé ọ̀gá àkùkọ ló máa ń kọ́kọ́ kọ ní ìdájí, àwọn tó kù á tẹ̀ lé e bí ipò wọn ṣe tò. Mo máa ń lo ìmọ̀ yìí: bí ẹni tó ń tà bá ní àkùkọ mẹ́ta, mo máa ń dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kì í ṣe ọ̀gá ni mo sábà máa ń rà. Ìkejì ni mo ń wá, èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Àkùkọ méjì láàárín àgbébọ̀ mẹ́fà, adìyẹ bà lókùn ni: àgbébọ̀ ò ní sinmi, àkùkọ náà ò ní sinmi. Bí agbo yín kò bá tó ogún, ẹ ra ọ̀kan ṣoṣo. Ìbílẹ̀ ló ń jà jù nínú gbogbo wọn. Noiler kì í fi bẹ́ẹ̀ jà bí wọ́n bá jọ dàgbà.

Ní ti àwòdì, kò sí àríyànjiyàn. Ìbílẹ̀ ń fi ojú kan wo òkè lóòrèkóòrè, bó bá ti ké, gbogbo agbo ti wà lábẹ́ ewé kókò. Kọ́kúrẹ́ẹ̀lì tó dàgbà nínú ilé máa ń pẹ́ kó tó kọ́ ọ.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní kí wọ́n mú àgbébọ̀ tó ń bá àkùkọ náà gbé wá. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti àtàrí rẹ̀. Bí ìyẹ́ bá re lára ọ̀kan, ó lè jẹ́ òun ni àkùkọ fẹ́ràn jù. Bó bá re lára gbogbo wọn, ẹ máa lọ sílé. Ẹ ká ìyẹ́ abẹ́ apá. Ẹ da àgbàdo sílẹ̀, kí ẹ dúró jìnnà díẹ̀, kí ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ jẹun. Àkùkọ tó ń lé àgbébọ̀ kúrò nídìí oúnjẹ kò yẹ ní rírà, bó ti wù kó rẹwà tó.

Ẹ wo ògàn ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti gùn, ṣóńṣó ògàn náà nìkan ni kí ẹ fi ayùn kékeré rẹ́, nítorí pé egungun àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọjà ni, tí kò sí àgbébọ̀ kankan láti wò, ọmọ ọdún kan ìbílẹ̀ ni kí ẹ mú.

Bó bá délé

Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó má baà kó lúkúlúkú wọ agbo. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáyà dí àárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa wo ara wọn. Alẹ́ ni kí ẹ gbé e lé orí igi láàárín wọn.

Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ń pààrọ̀ àkùkọ tó burú ni, ẹ má yára to ẹyin jọ fún sísàba. Àtọ̀ àkùkọ máa ń pẹ́ nínú àgbébọ̀ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ó sì lè tó mẹ́ta. Ẹ jẹ gbogbo ẹyin tí wọ́n bá yé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́. Èyí tó bá tẹ̀ lé e ni kí ẹ kó sábẹ́ ìyá wọn, kí ẹ sì máa ka ọjọ́ mọ́kànlélógún.